Ta ló ni ahoro? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí yíya fọ́tò ilé àti ibi tí wọ́n pa tì

Láti ìgbà tí mo ti ń ya àwọn ilé àtijọ́ àti ibùdókọ̀ ojú irin, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lójú oríṣiríṣi. Àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn onílé fẹ́ mọ ẹni tó fún mi láyè. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ bú mi ni, wọ́n sì máa ń jàre nígbà mìíràn. Mo kó èsì wọn jọ síbí kí n lè sinmi àtẹ̀túntẹ̀.

Kí lẹ ń pè ní ibi àpatì?

Yorùbá ní ju orúkọ kan lọ fún un, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí onífọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Ahoro ni ibi tí ènìyàn ti kó kúrò tán, tí igbó ti gbà. Àlàpà ni ògiri amọ̀ tó dá dúró lẹ́yìn tí òrùlé ti lọ. Àwókù ni èyí tó wó, tàbí èyí tí wọ́n wó. Ilé àpatì yàtọ̀ sí gbogbo wọn: òrùlé wà, ilẹ̀kùn wà, àwọn tó ni ín náà wà níbì kan, wọn ò kàn gbé inú rẹ̀ ni.

Ọ̀yọ́ Ilé tí ogun tú ká ní nǹkan bí 1835, ahoro nìyẹn. Inú ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀ ló wà lónìí. Síbẹ̀, ẹ tún orúkọ rẹ̀ pè kẹ́ ẹ gbọ́: àwọn tó kó kúrò níbẹ̀ ṣì ń pè é ní ilé. Ní ti Federal Secretariat tó wà ní Ìkòyí, ó ti ṣófo látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó lọ sí Àbújá ní 1991. Wọ́n tà á ní 2006, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ta ko ohun tí olùrà fẹ́ fi ṣe, ọ̀rọ̀ di fà-á-kí-n-fà-á. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ahoro. Ẹni tó bá kọ “ahoro” sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ ti gba àwọn tó fa ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi, bí ẹni pé igbó ló ṣàdédé hù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò sẹ́ni nínú ilé?

Ẹ má wo òrùlé, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ilé tí ènìyàn ń gbé, bó ti wù kó wó tó, ojú ọwọ̀ máa ń hàn ní àgbàlá rẹ̀, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìgbálẹ̀ máa ń fà sórí erùpẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wo eérú ìdáná. Bó bá funfun tó sì fúyẹ́, tí òjò ò tíì lù ú mọ́lẹ̀, ẹnìkan sebẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́. Ẹ wo àgádágodo ẹnu ọ̀nà: gbogbo ara rẹ̀ lè dógùn-ún, ṣùgbọ́n bí ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ bá ń dán, wọ́n ń ṣí i. Ẹ wo igi ìbẹ́pẹ, bóyá ẹnìkan ń ká a.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Ní Ìbàdàn, mo ya ilé alájà kan tí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya lulẹ̀. Mo gbé e síta, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé “Ilé tí gbogbo ayé ti gbàgbé.” Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan pè mí. Kò pariwo. Ó ní, “Bùrọ̀dá, yàrá ìyá wa ni fèrèsé aláwọ̀ ewé yẹn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ wá. Àwa ọmọ la ń sanwó ibẹ̀ títí di òní. Ta ló gbàgbé wọn?” Mo yọ fọ́tò náà kúrò lójú ẹsẹ̀, àmọ́ àwọn ènìyàn ti pín in káàkiri. Ó dé orí WhatsApp ọmọ-ọmọ ìyá náà, ọmọ ọ̀hún sì fi hàn wọ́n lórí ibùsùn. Mo lọ tọrọ àforíjì. Ìyá jẹ́ kí n jókòó, wọ́n ní ohun tó dun àwọn kì í ṣe ògiri tó wó, nítorí ojú àwọn ló ṣe wó. Wọ́n ní aṣọ àwọn tó wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé ńkọ́, ṣé mi ò rí i ni?

Mo lọ wo fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà mi. Aṣọ náà wà níbẹ̀ nínú èyí tí mo kọ́kọ́ yà. Èmi ni mo gé e kúrò.

Ṣé gígé fọ́tò náà wá di ìwà ìbàjẹ́ ni?

Gígé kọ́ ni, ohun tí a gé ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ dúró níwájú ilé àtijọ́ kan ní Lagos Island. Ògiri rẹ̀ ti bó, igi ọ̀dán ti hù lára bákónì. Lápá òsì ẹnu ọ̀nà, ìyá alákàrà gbé agbada kaná, ènìyàn mẹ́fà tò síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi wọ́n sínú fọ́tò, ilé tí ò rí àtúnṣe lẹ yà. Bẹ́ ẹ bá sún sí ọ̀tún díẹ̀, ẹ ti ṣe ìlú tó kú. Lẹ́ǹsì tó ń fẹ ojú, èyí tí fóònù ń pè ní 0.5, tún máa ń sọ yàrá kékeré di gbọ̀ngàn òfìfo. Mo máa ń lò ó nígbà tí àyè bá há, ṣùgbọ́n mo máa ń ya òmíràn pẹ̀lú lẹ́ǹsì lásán kí ojú mi má bàa tàn mí.

Ta ni mo máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ bí n kò bá rí onílé?

Ẹ ò tíì rí i ni. Ní Ìbàdàn, ilé ẹbí ló pọ̀ jù, ẹbí sì ní mọ́gàjí. Ẹ bi ẹni tó ń ta nǹkan nítòsí, ẹ bi mẹkáníìkì tó ń lo iwájú ilé náà. Wọn á júwe ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ rí. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ ibi tí fọ́tò náà ń lọ, ẹ má sọ pé “fún iléèwé” bó bá jẹ́ pé títà lẹ fẹ́ tà á. Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí ní sàréè bàbá wọn nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá fo fèrèsé wọlé lè gbé ẹsẹ̀ lé orí òkú olókú kó má mọ̀.

Bí ẹ bá rí “Ilé yìí kì í ṣe títà” lára ògiri, ìjà ẹbí tàbí ẹ̀rù oníjìbìtì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má dá sí i. Ẹ tún ṣọ́ra fún dúkìá ìjọba tó jọ àpatì: Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962 ṣì wà, ó sì ka yíya fọ́tò ní àwọn ibi tí ìjọba dáàbò bò léèwọ̀. Ọlọ́pàá tó bá ká ẹnìkan mọ́ ẹ̀yìn bárékè kò ní bi í nípa ẹwà ìmọ́lẹ̀.

Ẹ má gun àjà pákó tí ikán ti jẹ. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan ní irú fọ́tò yìí ń fi òṣì ṣe ọ̀ṣọ́. Kí lẹ rí sí i?

Òótọ́ wà níbẹ̀, ìlú tí ọ̀rọ̀ yẹn ti gbóná jù ni Detroit ní Amẹ́ríkà. Ní 1950, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ló ń gbé ibẹ̀, iye náà sún mọ́ mílíọ̀nù méjì gan-an. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2020, wọn ò pé 640,000 mọ́. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kó lọ, àwọn aláwọ̀ funfun kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, owó orí tẹ̀ lé wọn. Ibùdókọ̀ ojú irin ńlá wọn, Michigan Central, tilẹ̀kùn ní 1988, látìgbà náà ni onífọ́tò láti ibi gbogbo ti ń rọ́ wọ ibẹ̀. Àwọn ará ìlú fi fọ́tò wọn wé àwòrán ìhòòhò: ẹ wá wo ara wa, ẹ gbádùn, ẹ lọ. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ó lé ní 600,000 ènìyàn tó ń jí lójoojúmọ́ nínú ìlú náà, tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú fọ́tò. Ilé iṣẹ́ Ford ra ibùdókọ̀ náà ní 2018, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní oṣù kẹfà 2024. Mélòó nínú àwọn onífọ́tò náà ló padà lọ yà á?

Ìdánwò tí mo fi ń wo ara mi nìyí: ṣé mo máa padà bí wọ́n bá tún un ṣe? Cocoa House jóná ní 1985, ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀. Ọdún 1992 ló tó ṣí padà. Àwọn àgbà ti sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tó bá ya Cocoa House nígbà tí èéfín ṣì wà lára rẹ̀, tó wá kọ “òpin Ìbàdàn” sábẹ́ rẹ̀, ojú ti tì í.

Mi ò sọ pé kí fọ́tò burẹ́wà o. Ìmọ́lẹ̀ aago méje àárọ̀ lára ògiri amọ̀ pupa nígbà ọyẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò ní dúró wò ó? Ẹwà náà ló máa mú kí ènìyàn dúró ka ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá kọ nǹkan: orúkọ àdúgbò, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà bẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ohun tó lé àwọn ènìyàn kúrò.

Ṣé mo lè tún nǹkan tò nínú yàrá kó lè wuyì?

Rárá. Ní Pripyat ní Ukraine, ìlú tí wọ́n kó nǹkan bí 49,000 ènìyàn kúrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù kẹrin 1986, lọ́jọ́ kejì tí iléeṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàmù, ọmọláńgidi àti ìbòjú gáàsì tí ẹ ń rí nínú fọ́tò, àwọn àlejò ló to púpọ̀ nínú wọn síbẹ̀. Ọmọdé tó fi ọmọláńgidi tirẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́ wá di ẹni tí a ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́ láàárín ayédèrú. Bí kàlẹ́ńdà bá wà lára ògiri, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Oṣù tí wọ́n ṣí i sí ni ẹ̀rí.

Bàbá àgbàlagbà kan ṣì ń gbé inú ilé tó ti wó. Ṣé mo lè yà wọ́n?

Bí wọ́n bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ yà wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni àwa àti àwọn àgbà ti ń já ara wa kulẹ̀.

Ẹ wo fọ́tò àwọn àgbà tó wà ní pálọ̀ ilé yín. Wọ́n kọjú síwájú, wọ́n jókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, agbádá tẹ́ rẹrẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì hàn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Fọ́tò lójú wọn jẹ́ ohun tó máa ròyìn ẹni lẹ́yìn ìgbà tí ẹni bá ti lọ. Kódà, bí ìbejì kan bá kú, àwọn kan máa ń fi fọ́tò dípò ère ìbejì. Ẹnìkan wá dé láti ìgboro, ó fẹ́ yà wọ́n pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó là, kí wọ́n máa wo ilẹ̀. Ó ní ìyẹn ló “jẹ́ òótọ́.” Òótọ́ ta ni?

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ojú irin rí sọ fún mi pé kí n dúró. Mo dúró fún ìṣẹ́jú ogójì. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ òkè, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé àga jáde síwájú ilé tí apá kan rẹ̀ ti di àlàpà, wọ́n ní ó yá. Fọ́tò yẹn lágbára ju gbogbo èyí tí mo ti fi jìbìtì yà lọ: ògiri tó ń lọ, ọkùnrin tí kò lọ. Wọ́n tún ní kí n rí i pé aago ọwọ́ àwọn hàn. Iléeṣẹ́ ojú irin ló fún wọn.

Alágbe, wèrè, àti ọmọ abẹ́ afárá ńkọ́?

Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú kò lè fún yín láyè, nítorí náà kò sí ohun tí à ń jíròrò. Ọmọdé náà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó dárúkọ Kevin Carter, ọmọ South Africa tó ya ọmọ kékeré tí ebi ti tẹ̀ lórí ba ní Sudan ní 1993, tí igún dúró lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò náà jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ìyàn mú, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún kejì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ọmọdébìnrin ni, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn tó wá ẹbí rẹ̀ lọ tó sọ pé ọmọkùnrin ni. Ọmọ tí gbogbo ayé sunkún lé lórí, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Carter wà níbi ìyàn, iṣẹ́ oníròyìn ló gbé e débẹ̀. Kí ló gbé ẹ̀yin dé abẹ́ afárá Ọ̀ṣọ́dì?

Wọ́n ní kí n sanwó kí n tó yà. Ṣé kí n san?

Mo máa ń fún wọn ní owó omi lẹ́yìn tí mo bá parí, bí mo ṣe máa fún ẹnikẹ́ni tí mo bá lọ sílé rẹ̀. Mi ò kì í dúnàádúrà lórí bí ènìyàn ṣe máa ṣojú. Ohun tó dáa ju owó lọ ni kẹ́ ẹ tẹ fọ́tò náà sórí bébà kẹ́ ẹ gbé e padà fún wọn. Ẹ ṣe é lóṣù tẹ́ ẹ ṣèlérí, nítorí àwọn onífọ́tò tó ti lọ láìpadà ló bà á jẹ́ fún wa.

Ṣé kí n kọ àdírẹ́sì síbẹ̀?

Ilé tó ń dá wà, ẹ má kọ ọ́. Àwọn tó ń ra àlòkù irin ń wo fọ́tò yín. Ajàgùngbalẹ̀ náà ń wò ó, òun gan-an ló sì nílò rẹ̀ jù: ẹ ti bá a wádìí pé kò sẹ́ni nílé. Lóòótọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ààbò dúkìá lòdì sí wọn ní 2016, àmọ́ nígbà tí òfin bá fi máa dé, wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì. Ẹ tún pa ohun tó ń kọ ibi tẹ́ ẹ wà sínú fọ́tò lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Èmi máa ń dárúkọ ìlú, mo máa ń dárúkọ àdúgbò bí onílé bá gbà, mo sì ń pa ìyókù mọ́ sínú ìwé mi.

Ilé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yàtọ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ dáadáa.

Bí ìdènà bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ tiẹ̀ ń yà á?

Nítorí Ilojo Bar. Ẹbí Fernandez, àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855 nítòsí Tinúbú ní Èkó. Ilé alájà kan ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, irú iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn tó ti oko ẹrú dé láti Brazil gbé wálé. Ẹbí Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n fi katakata wó o. Òfin ní kò gbọdọ̀ wó. Ó wó.

Ohun tó kù ni fọ́tò àti àwòrán tí àwọn kan ti fara balẹ̀ ṣe: bí òpó ṣe rí, bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kì í ṣe àwọn fọ́tò tó ní kùrukùru àti òjìji ló wúlò fún ẹni tó ń wá ilé yẹn lónìí. Èyí tí ẹnìkan dúró gbọnrangandan yà láti iwájú lọ́sàn-án gangan ló wúlò. Nítorí náà, ní gbogbo ilé tí mo bá dé, mo máa ń kọ́kọ́ ya irú èyí tí kò lẹ́wà: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ń ṣe tèmi.

Àwọn ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ náà ń lọ bẹ́ẹ̀. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó, 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Láti oṣù kẹfà 2021, ojú irin tuntun tó gbòòrò ló ń gbé èrò, àwọn ibùdó tuntun ló ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwọn kékeré àtijọ́, kó múra kíá.

Kí ló dé tó jẹ́ ilé amọ̀ àwọn tálákà nìkan lẹ ń yà?

Ìbéèrè yìí gún mi, ó sì tọ́. Ẹ gba Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì kọjá, ẹ ó rí ilé alájà méjì, gíláàsì dúdú, géètì tó ń dán, ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná tí wọn ò tan rí. Onílé wà ní London tàbí Houston. Ó ń bọ̀ lọ́dún Kérésì. Mẹ́gàádì ló ń sùn ní bọ́yìsìkọ́tà, ìyá onílé sì kọ̀ láti kó wọbẹ̀, nítorí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀hún. Ibi àpatì nìyẹn náà, kò kàn jọ ọ́ ni. A kì í yà á nítorí kò sí ìpata lára rẹ̀, àti nítorí pé olówó lè pe lọ́yà. Ohun tí a lè yà láìbẹ̀rù ni a ń pè ní ohun tó wù wá yà.

Olóògbé J.D. ’Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì ní 1968, èyí tí kì í pẹ́ tú. Ó tún ya àwọn ilé tuntun Èkó nígbà tí wọ́n ṣì ń dán. Ó mú ìpàkọ́ obìnrin àti ilé aláràbarà ní ọ̀wọ̀ kan náà. Ọdún yìí, mo ti bẹ àwọn onílé òkè òkun mẹ́ta. Ẹnìkan gbà.

Ilé tiyín ńkọ́?

Ilé bàbá bàbá mi wà lábúlé, àjà ti jìn ní yàrá méjì. Mo sọ fún àbúrò bàbá mi pé mo fẹ́ yà á. Wọ́n ní kí n dúró kí àwọn kọ́kọ́ ro igbó iwájú rẹ̀. Ọdún kejì rèé. Bí mo bá ti gbé kámẹ́rà délé, wọ́n á wo àpò náà, wọ́n á ní, “Mo ti bá àwọn oníṣẹ́ sọ̀rọ̀ o,” a ó sì jọ jẹun.